Fóònù àhesọ, fóònù inú páálí, fóònù tòkúnbọ̀: èwo ni ká fi owó wa rà?

Bó bá ti ku oṣù méjì mẹ́ta kí fóònù olówó ńlá kan jáde, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń já wọlé sínú àwọn gúrúùpù WhatsApp, láti Àjàṣẹ́ títí dé Ṣábẹ̀ẹ́: àwòrán fóònù tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn, pẹ̀lú àkọlé gàdàgbà pé prósẹ́sọ̀ rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ tó ń ṣe iṣẹ́ inú fóònù, yóò fi 15% yára ju ti èṣí lọ. Ẹni tó ti tọ́jú owó fóònù pamọ́ á ní òun ò rà mọ́, òun ń dúró de tuntun. Ẹni tí kò lè dúró á gba ọjà Wàǹdó lọ, á ra èyí tí wọ́n bá kọ "octa-core" sí lára páálí rẹ̀. Ẹnì kẹta á ní tòkúnbọ̀ lòun ń fẹ́, torí pé ojúlówó ni. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jàre, wọ́n sì lè jẹ̀bi. Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi fóònù ṣe ló máa sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé 15% yẹn lé orí ìwọ̀n. Bí áàpù kan bá ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 2 kó tó ṣí lórí fóònù èṣí, ẹ pín 2 sí 1.15, ó di 1.74 lórí tuntun. Ìyàtọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìgbà téèyàn fi ń ṣẹ́jú lọ. Ẹ wá mú fídíò òde àríyá kan tó tó 60 mẹ́gà, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbé mẹ́gábíìtì 4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Mẹ́gà kan jẹ́ mẹ́gábíìtì 8, nítorí náà 480 pín sí 4: ìṣẹ́jú-àáyá 120, ìṣẹ́jú méjì géérégé. Prósẹ́sọ̀ tó yára jù láyé kò lè yọ ìṣẹ́jú-àáyá kan kúrò níbẹ̀. Owó tí ẹ ń fi MoMo ránṣẹ́ nípa títẹ ìràwọ̀ àti nọ́ńbà ńkọ́? Ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ yẹn ti ń ṣẹlẹ̀. Fóònù bọ́tìnì àti iPhone jọ ń dúró ni.

Iye tí wọ́n fi ṣí ọjà iPhone 16 ní Faransé ní 2024 jẹ́ yúrò 969. Yúrò kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà, iye yìí kì í lọ sókè sódò. Ó di 635,622 sẹ́fà kí owó ọkọ̀, owó aṣọ́bodè àti èrè oníṣòwò tó gùn ún. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí ní Bẹ̀nẹ̀ láti 2023 jẹ́ 52,000 sẹ́fà. Ẹni tó ń gbà á, tí kò jẹ, tí kò mu fún odidi ọdún kan, owó rẹ̀ kò tíì pé.

Àhesọ tó máa ń ṣẹ, àhesọ tó máa ń tàsé

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n máa ń sọ ṣáájú kí fóònù tó jáde, ọ̀rọ̀ prósẹ́sọ̀ ló máa ń ṣẹ jù. TSMC, iléeṣẹ́ Taiwan tó ń tẹ prósẹ́sọ̀ fún Apple, Qualcomm àti MediaTek, ní láti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, ọwọ́ tó sì ń kan irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ débi pé kò ṣeé bò. Ní 2022, Ming-Chi Kuo, ẹni tó máa ń tọpa àwọn tó ń pèsè ẹ̀yà ara fún Apple, ti sọ ọ́ tipẹ́ kí iPhone 14 tó jáde pé àwọn Pro nìkan ni yóò gba prósẹ́sọ̀ tuntun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí: 14 Pro gba A16, 14 lásán sì ń bá A15 ti 2021 lọ.

Ohun tó kù máa ń tàsé dáadáa. Ní 2021 ariwo gba ìlú pé iPhone 13 yóò lè bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. 13 jáde, kò sí nǹkan tó jọ ọ́, orí 14 ló ti wá hàn lọ́dún kejì. Wọ́n tún ní bọ́tìnì iPhone 15 Pro kò ní í máa wọlé mọ́, pé yóò kàn máa gbọ̀n bí a bá tẹ̀ ẹ́. Oṣù díẹ̀ kó tó jáde ni ọ̀rọ̀ yí padà, bọ́tìnì àtijọ́ náà ni wọ́n fi sí i.

Tí wọ́n bá fi àwòrán èsì Geekbench, áàpù tó ń wọn eré fóònù, ránṣẹ́ sí yín bí ẹ̀rí, ẹ rántí pé orúkọ fóònù tó wà nínú rẹ̀, fóònù fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè yí i padà. Fóònù àdánwò kì í sì í tíì sáré tó bó ṣe máa sáré. Kódà nọ́ńbà fóònù tó ti wà lọ́jà lè tanni: ní oṣù kẹta 2022, Geekbench yọ Galaxy S10 sí S22 kúrò nínú àtẹ wọn, torí pé sọ́fítíwíà inú wọn ń fa ìjánu ọ̀pọ̀ áàpù ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí áàpù ìdánwò sá eré tirẹ̀ tán.

Nítorí náà, àhesọ tó ń ṣẹ jù ni kò ràn wá lọ́wọ́ jù. Ohun tó yẹ ká mú nínú àhesọ ni ọjọ́. Apple sábà máa ń gbé iPhone jáde ní oṣù kẹsàn-án. Samsung máa ń gbé Galaxy S tirẹ̀ jáde láàárín oṣù kìíní sí oṣù kejì. Bí tuntun bá ti dé, iye ti àtijọ́ á já wálẹ̀, àwọn ará Yúróòpù á sì máa dá èyí tí wọ́n ń lò padà, àwọn yẹn ló ń di tòkúnbọ̀ tó ń dé Kútọnu ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá ra iPhone tòkúnbọ̀ ní oṣù kẹjọ ti sanwó ṣáájú ọjọ́. Kó ní sùúrù di oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá. Ìyẹn ni "dídúró" tó lérè, kì í ṣe dídúró de prósẹ́sọ̀.

"Ọpọlọ mẹ́jọ ló ní"

"Ọmọ mi, ṣé èyí yára?"

"Màmá, ọpọlọ mẹ́jọ ló ní! Ẹ wo ara páálí rẹ̀, octa-core."

Òótọ́ ni ọmọ náà sọ, ṣùgbọ́n kò tíì sọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá kó ẹni mẹ́jọ lọ sóko ebè, tí méjì jẹ́ géńdé, tí mẹ́fà jẹ́ ọmọdé tó ń gbé omi, iye ebè tí àwọn méjì yẹn bá kọ lẹ máa rí ní ìrọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni prósẹ́sọ̀ rí. Nígbà tí ẹ bá tẹ áàpù kan, ọ̀kan tàbí méjì nínú mẹ́jọ ni wúwo iṣẹ́ náà ń já lé lórí. Ẹ wo mẹ́rin tó wọ́pọ̀ nínú fóònù tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ wa (nm ń sọ bí ìtẹ̀ inú wọn ṣe kéré tó, GHz ń sọ eré wọn, A75 àti irú rẹ̀ jẹ́ orúkọ irú ọpọlọ tó wà níbẹ̀):

| | Unisoc T606 | Helio G85 | Helio G99 | Apple A15 |
|---|---|---|---|---|
| Ọdún | 2021 | 2020 | 2022 | 2021 |
| Ìwọ̀n ìtẹ̀ | 12 nm | 12 nm | 6 nm | 5 nm |
| Géńdé | 2 (A75, 1.6 GHz) | 2 (A75, 2.0 GHz) | 2 (A76, 2.2 GHz) | 2 |
| Kékeré | 6 (A55, 1.6 GHz) | 6 (A55, 1.8 GHz) | 6 (A55, 2.0 GHz) | 4 |
| Inú fóònù wo? | Infinix Hot 40i | Galaxy A05, Redmi 13C, Tecno Spark 20 | Galaxy A15 4G, Galaxy A16 4G, Tecno Spark 20 Pro, Infinix Hot 40 Pro | iPhone 13, iPhone 14 |

Apple A15, mẹ́fà péré ló ní, ó sì fi àwọn mẹ́jọ-mẹ́jọ wọ̀nyẹn sílẹ̀ jìnnà réré. Unisoc SC9863A tó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ní mẹ́jọ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni A55: kò sí géńdé kankan níbẹ̀. 28 nm ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́, ìyẹn ni pé ó ń jẹ iná ju bó ṣe yẹ lọ. Bí WhatsApp, Facebook àti kámẹ́rà bá pàdé lórí rẹ̀, ẹ máa rí bí ojú fóònù ṣe ń dúró gbagidi.

Láàárín G85 àti G99, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti tó ohun tí ọwọ́ lè mọ̀. Ẹ má wo GHz nìkan, 2.0 sí 2.2 dà bíi kò sí nǹkan. Ohun tó yí padà ni irú géńdé náà, A76 dípò A75, àti ìtẹ̀ 6 nm dípò 12. Kí nm máa kéré sí i túmọ̀ sí pé iná tí iṣẹ́ kan náà ń jẹ ń dín kù, ooru ń dín kù, bátìrì ń pẹ́. Bí owó bá lè ká G99, ẹ fi kún un. Láti T606 sí G85, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ẹ fi owó yẹn ra RAM, àyè tí áàpù tó ṣí ń lò lọ́wọ́.

Àbùkù G99 kan ni pé kò ní 5G. Kí ẹ tó torí ìyẹn sanwó lé, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá àmì 5G ń yọ níbi tí ẹ ń gbé àti ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó wà ní abúlé lẹ́yìn Kétu, tí àmì "E" ń yọ sí lókè fóònù ní ìdajì ọjọ́, kò ní ohun tó fẹ́ fi 5G ṣe ní báyìí.

Àyè ìpamọ́ ló ń fà, prósẹ́sọ̀ ni wọ́n ń bú

Ọ̀pọ̀ fóònù tí àwọn èèyàn ń pè ní "ó ti gọ̀", àyè ìpamọ́ rẹ̀ ló ń fà. Lórí Android, oríṣi méjì ló wà. eMMC 5.1 kò lè kọjá 400 mẹ́gà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan láé, a sì tún ní láti mọ̀ pé ọ̀nà ọkọ̀ kan ṣoṣo ni: bó bá ń kọ nǹkan sílẹ̀, kò lè máa ka nǹkan nígbà kan náà. UFS ní ọ̀nà àlọ àti ọ̀nà àbọ̀, UFS 2.2 sì lè ka ìlọ́po méjì eMMC tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rò ó wò: ẹ tan dátà ní àárọ̀, fọ́tò 40 láti inú gúrúùpù ẹbí ń rọ́ wọlé, ẹ wá fẹ́ ṣí kámẹ́rà. Lórí eMMC, kámẹ́rà á dúró lẹ́yìn fọ́tò bí ọkọ̀ tó pàdé tírélà lórí afárá tóóró. Prósẹ́sọ̀ jókòó, ó ń dúró pẹ̀lú yín.

Helio G85 kò lè gbé UFS rárá. G99 lè gbé UFS 2.2, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iléeṣẹ́ ló máa ń fi sí i. Àwọn kan máa ń fi eMMC dín owó kù, wọn ò sì ní kọ ọ́ sí ara páálí. Áàpù CPDT lè wọ̀n ọ́n fún yín láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀: bí nọ́ńbà ìkàwé àtẹ̀léra bá kọjá 400, eMMC kọ́.

Àyè tó kún tún jẹ́ àrùn tirẹ̀. Irú ìpamọ́ yìí kò lè kọ nǹkan lé orí nǹkan. Ó ní láti nu ojú ibẹ̀ ná. Bí àyè òfo bá ti tán, gbogbo fọ́tò tuntun á máa dúró de ìnu. Lórí fóònù 64 gígà, ẹ má jẹ́ kí àyè tó ṣẹ́kù dín sí 10 gígà. Ẹ wo "Paramètres", ẹ tẹ "Stockage", ẹ kà á. Nínú WhatsApp, "Stockage et données" ni ẹ ti máa rí gúrúùpù tó ń jẹ yín run. Ó sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n ti ń fi fídíò àdúrà ránṣẹ́ láràárọ̀.

RAM wá ńkọ́? Lórí Android òde òní, 4 gígà ti di ìfúnpinpin, 6 tó, 8 rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹ ka páálí náà dáadáa. Bí wọ́n bá kọ "8 gígà", tí "4+4" wà ní lẹ́tà kékeré nísàlẹ̀, 4 ni. Mẹ́rin kejì, àyè ìpamọ́ ni wọ́n yá, eMMC tó ń fà yẹn náà. Tecno àti Infinix ń pè é ní MemFusion, Samsung ń pè é ní RAM Plus. Lórí fóònù eMMC, pípa á sábà máa ń mú kí fóònù fúyẹ́ díẹ̀. Ẹ pa á, ẹ tan fóònù padà, ẹ lò ó fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó dájọ́. iPhone kò sí nínú ìṣirò yìí: 4 gígà ni iPhone 13 ní, kò sì ń mí hẹlẹ.

Oòrùn kò mọ fóònù olówó ńlá

Ọ̀pọ̀ jù lọ fóònù kò ní fáànù. Bí prósẹ́sọ̀ bá gbóná, òun fúnra rẹ̀ ló ń dín eré kù kó má baà jóná, ojú fóònù á sì ṣú díẹ̀, ṣájì á dúró. Apple fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ooru àyíká tí iPhone wà fún ni ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 0 sí 35. Ọ̀sán oṣù kẹta ní Ṣábẹ̀ẹ́ sábà máa ń kọjá 35 lábẹ́ ìbòòji, ká má tíì sọ ti fóònù dúdú tí ọlọ́kadà so mọ́ ọwọ́ alùpùpù rẹ̀ tó ń fi wo àwòrán ọ̀nà. Ní irú ibẹ̀, prósẹ́sọ̀ tó ju tẹ́lẹ̀ lọ ní 15% lè má rí 15% yẹn lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Tuntun kì í sì í ṣe tútù. Prósẹ́sọ̀ Snapdragon 8 Gen 1, iléeṣẹ́ Samsung ló tẹ̀ ẹ́ fún Qualcomm, ó gbóná débi tí ẹnu kò gbà á. Ní 2022 kan náà, Qualcomm gbé irú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ TSMC, wọ́n pè é ní 8+ Gen 1, wọ́n ní iná tó ń jẹ dín kù tó 30%. "4 nm" ni wọ́n kọ sí méjèèjì. Ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ ló yàtọ̀. Ní 2023, iPhone 15 Pro tó gbé A17 Pro jáde, ọ̀pọ̀ ló figbe bọnu pé ó ń gbóná. Apple ní àṣìṣe wà nínú iOS 17, sọ́fítíwíà inú iPhone, àti nínú àwọn áàpù kan, wọ́n fi 17.0.3 tún un ṣe. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ fóònù àhesọ gan-an, kó jẹ́ kí ó lo oṣù mẹ́ta níta ná.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò dúró tún ń dá ooru sílẹ̀. Fóònù tí òpó jìnnà sí máa ń pariwo kí òpó tó gbọ́ ọ, agbára tó fi ń pariwo ló ń gbóná, ló sì ń jẹ bátìrì. Bó bá gbóná, ẹ yọ àpò rẹ̀, ẹ gbé e síbòòji, ẹ pa hotspot, ẹ yọ ṣájà. Ẹ má gbé e sínú fìríìjì: ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á di omi nínú fóònù, omi náà á sì jókòó lórí páálí iná inú rẹ̀.

Tòkúnbọ̀: níbi tí ojúlówó àti ìfà ti ń pàdé

Ká sọ òótọ́, fún ẹni tó fẹ́ eré, iPhone 13 tòkúnbọ̀ tàbí Galaxy S ọdún mẹ́ta sẹ́yìn yóò gba iwájú gbogbo fóònù inú páálí tí iye wọn jọra. Ibi tí wàhálà wà ni pé ẹ gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ẹ ń rà.

Samsung ni ká kọ́kọ́ mú. S22 kan náà, prósẹ́sọ̀ méjì ló ní, ó wà lọ́wọ́ ibi tí wọ́n ti tà á. SM-S901B, ti Yúróòpù, Exynos 2200 ló gbé. SM-S901U, ti Amẹ́ríkà, Snapdragon 8 Gen 1 ni. Méjèèjì ló ń gbóná. Nínú S21, SM-G991B jẹ́ Exynos 2100, SM-G991U jẹ́ Snapdragon 888. Ní 2023 ni Samsung fi Snapdragon 8 Gen 2 sínú gbogbo S23 jákèjádò ayé, àyàfi S23 FE, láti ọwọ́ TSMC, ara rẹ̀ sì tutù ju ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá gbé S22 àti S23 síwájú yín, tí iye tó wà láàárín wọn kò pọ̀, S23 ni. Ní ti S24, ti Yúróòpù padà sí Exynos 2400, àyàfi Ultra. Nọ́ńbà yìí wà nínú "Paramètres", "À propos du téléphone". Ẹ má gba èyí tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn fóònù gbọ́; ẹ̀yìn ṣeé pààrọ̀.

iPhone tó ti Amẹ́ríkà wá láti 14 lọ sókè kò ní ojú SIM rárá, eSIM nìkan, SIM tó ti wà nínú fóònù fúnra rẹ̀, ló ń gbà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ yín, ìbáà ṣe MTN, Moov tàbí Celtiis, bóyá wọ́n lè fún yín ní eSIM lórí irú rẹ̀. Èyí tó ti Yúróòpù wá ní ojú SIM, àyàfi iPhone Air.

Bátìrì ni èkejì. Ní oṣù kejìlá 2017, Apple jẹ́wọ́ pé òun ń dín eré iPhone tí bátìrì rẹ̀ ti gbó kù. Ìdí rẹ̀ bọ́gbọ́n mu, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni kò bọ́gbọ́n mu: bátìrì tó gbó kò lè tú iná jáde lójijì bí prósẹ́sọ̀ bá béèrè, fóònù á kàn kú nígbà tí 30% ṣì hàn. Ilẹ̀ Faransé bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 25 yúrò lé wọn ní 2020. Ohun tó kàn wá níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ fóònù tó "ti di arúgbó", bátìrì tuntun ló ń fẹ́. Lórí iPhone, ẹ lọ sí "Réglages", "Batterie", "État de la batterie". Bí "Capacité maximale" bá wà nísàlẹ̀ 80%, ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí wọ́n pè. Bó bá jẹ́ 100% lórí fóònù ọdún mẹ́rin, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀: láti XS àti XR lọ sókè, "Général", "Informations" yóò sọ bó bá jẹ́ ojúlówó.

Ẹ̀kẹta, ọjọ́ orí sọ́fítíwíà. Ní oṣù karùn-ún 2025, WhatsApp kọ̀yìn sí iPhone 5s àti 6, torí pé wọn kò lè gba iOS 15.1. Prósẹ́sọ̀ wọn kò kú. Wọn ò rí "mise à jour" gbà mọ́ ni. iOS 26 bẹ̀rẹ̀ láti iPhone 11 lọ sókè, nítorí náà XR àti XS ti wà ní bèbè, ẹ má fi owó gidi rà wọ́n mọ́. Lápá kejì, Galaxy A16 inú páálí ní ìlérí ọdún 6, S24 ní ọdún 7. Fóònù kékeré tí wọ́n ń tọ́jú lè pẹ́ ju ńlá tí wọ́n ti gbàgbé lọ.

Ta ló yẹ kó ra èwo?

Ìyá tó ń tajà ní Wàǹdó, tó ń gba MoMo, tó ń fi ohùn ránṣẹ́, tó ń wo ìsọfúnni ọmọ: inú páálí, Helio G85 tó, ṣùgbọ́n RAM tòótọ́ 6 gígà, àyè 128 gígà, bátìrì 5,000 mAh. Kó má dúró de àhesọ kankan.

Oníṣòwò kajú ní Ṣábẹ̀ẹ́ tó ń wọ oko kiri: bátìrì àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló yẹ kó rà. G99 wúlò fún un nítorí iná tó ń jẹ kò pọ̀, kì í ṣe nítorí eré.

Ẹni tó ń ya fídíò òde, tó ń gé e nínú CapCut, tó ń fi sórí TikTok kí àwọn àlejò tó dé ilé: níhìn-ín ni prósẹ́sọ̀ ti ń sanwó ara rẹ̀ padà. Fọ́tò alẹ́, tí fóònù ń to ọ̀pọ̀ àwòrán pọ̀ di ọ̀kan, àti fídíò tó ń jáde lẹ́yìn gígé, prósẹ́sọ̀ ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ tí G85 fi ń gba ìṣẹ́jú mélòó kan, A15 tàbí Snapdragon 8 Gen 2 á ṣe é ní ìdá kékeré nínú rẹ̀. Tòkúnbọ̀ iPhone 13 tàbí S23 ni kó rà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń gbá géèmù.

Ta ló wá yẹ kó dúró de fóònù àhesọ? Ẹni tí fóònù rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, tó ní owó rẹ̀ lódidi láìyá, tó sì máa lò ó fún ọdún márùn-ún sí méje. Lórí ọdún méje, eré àṣẹ́kù wúlò, torí pé áàpù ń wúwo sí i lọ́dọọdún. Ẹni tó ń pààrọ̀ fóònù ní ọdún méjì méjì kò ní rí 15% yẹn lò láé.

Lójú tábìlì òǹtajà

Ẹ mú SIM tiyín lọ, àti dátà díẹ̀. Ẹ tẹ *#06#, ẹ fi nọ́ńbà tó yọ wé ti ara páálí. Bó bá jẹ́ Android, ẹ gbé áàpù CPU-Z sórí rẹ̀, ẹ wo ojú-ewé àkọ́kọ́: orúkọ prósẹ́sọ̀ wà níbẹ̀, kì í ṣe ohun tí òǹtajà pè é. Lórí Samsung, ẹ tẹ *#0*#, kí ẹ fi ìka gbá gbogbo ojú rẹ̀ káàkiri bóyá ibì kan ti kú.

Fún tòkúnbọ̀, ẹ ní kí òǹtajà nu fóònù náà pátápátá lójú yín, kó sì tan án padà títí dé ojú-ewé àkọ́kọ́. Bó bá béèrè àpamọ́ ẹni tó ni í tẹ́lẹ̀, ìbáà ṣe ti Apple tàbí ti Google, ẹ gbé e kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní "a máa bá yín ṣí i lọ́la" ń ta gíláàsì fún yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka iye bátìrì tó wà lójú rẹ̀, ẹ tan iná ojú rẹ̀ dé òkè, ẹ fi kámẹ́rà ya fídíò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìdáwọ́ dúró. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà. Bí ọwọ́ kò bá gbà á, tàbí tí bátìrì bá ti fò láti 60% sí 45%, ẹ dá a padà. Kẹ́yìn, bí ẹ bá ti parí fídíò yẹn, ẹ jáde bọ́ sínú WhatsApp kí ẹ fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí ara yín, ẹ padà sínú kámẹ́rà. Bó bá gba ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lọ kó tó jẹ́ yín, RAM tàbí àyè ìpamọ́ rẹ̀ ti sọ tirẹ̀.